Ìdọ̀bálẹ̀ ní Uptown

Ní Ìwó, níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá ń rìn ní ibi tó ń lọ. Ó ń lọ sí oko, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń lọ kí ẹni tó bímọ, tàbí kó jẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́. Chicago ni mo ti kọ́kọ́ rí àgbàlagbà tó wa mọ́tò tirẹ̀ dé etí odò kan, tó páàkì í, tó sọ̀ kalẹ̀, tó rìn yípo fún wákàtí kan àtààbọ̀, tó sì padà wá sídìí mọ́tò kan náà. Mo rò pé nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ lọ bá a pé kí n bá a wá a. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ń ṣe háíkì ni.

Ọdún keje rèé tí mo ti dé, mo sì ti mọ ohun tí háíkì jẹ́. Ohun tí n kò retí ni pé ọmọ mi yóò fẹ́ ṣe é.

Ṣùkúrà lorúkọ ọmọ náà. Òun nìkan ni a bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí a dé, ó ti di mẹ́rìndínlógún báyìí. Nígbà tí òtútù ọdún yìí ń lọ tán, ó mú fọ́ọ̀mù kan wálé láti ilé ìwé. Ẹgbẹ́ háíkì wọn fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin nínú igbó ní Wisconsin. Inú àgọ́ ni wọn yóò sùn. Òbí kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ó ka fọ́ọ̀mù náà ní ìdúró, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni kó fọwọ́ sí i, kí n lè ráyè sinmi nínú ilé yìí."

Èmi kà á ní ìjókòó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn àti ìbọ̀wọ́, kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá má baà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó kúrò nílé, n kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n bí mo bá ka nǹkan, mo kà á. Mo kọ ìbéèrè mọ́kàndínlógún sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Miss Kara. Ìbéèrè kìn-ín-ní: irú àwọn ẹranko wo ló wà nínú igbó náà, mélòó sì ni wọ́n? Ìbéèrè kẹrìnlá: bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ṣubú sódò ńkọ́?

Miss Kara dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Sí ìbéèrè kìn-ín-ní, ó kọ pé àwọn kò tíì kà wọ́n.

Mi ò fọwọ́ sí i.

Kí ẹ má baà rò pé mo kàn le lórí lásán, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá mi ló tọ́ Ṣùkúrà ní Ìwó láti kékeré, nítorí pé èmi àti ìyá rẹ̀ ń sáré kiri Ìbàdàn nígbà náà. Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ níhìn-ín, ìyá mi di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bí mo ṣe fún ọ, bẹ́ẹ̀ ni kí o dá a padà fún mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo máa ń ka nǹkan dáadáa, mo ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Bí wọ́n ṣe fún mi: ara líle, èdè, ẹ̀sìn, ìwà.

Ní ọdún kìíní, mo máa ń pe ilé ìwé rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá ó wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, bí mo bá ti ní "Good afternoon," akọ̀wé wọn á ní, "Ó wọ̀ ọ́, sà." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú sọdá títì títí ó fi pé ọdún mẹ́tàlá. Nígbà tó kọ̀ mọ́, mo fi nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀ tó ń fi ibi tó wà hàn mí, àmì róbótó aláwọ̀ búlúù kan lórí máàpù. Níbi iṣẹ́, láàárín páálí kan sí èkejì, mo máa ń wo róbótó yẹn. Bí ó bá wà ní ilé ìwé, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ó bá ń rìn, èmi náà á dìde dúró.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi ń pè. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí. "Ọmọ mi ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó wà níwájú mi níbí, Ìyá." Ìdáhùn yẹn ti di iṣẹ́ kejì fún mi nílùú yìí.

Èdè ti lọ dé ìlàjì, mi ò purọ́. Ẹ̀sìn ṣì wà. Ara ṣì le. Ó wá ku igbó Wisconsin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ṣùkúrà jókòó ní iwájú mi bí agbẹjọ́rò.

"Dad, ẹ bá mi lọ lọ́la. Practice hike ni. Láti ibí dé Uptown. Tí ẹ bá rí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ máa sign. Deal?"

"Níbo ní Uptown?"

"Tẹ́ńpìlì kan. Ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Wọ́n máa ń fún wa ní lunch."

"Inú ilé òrìṣà ni ẹ ti ń jẹun?"

"Dad. Noodles ni."

Mo là á sílẹ̀ fún un. Èkíní, ìta ni èmi yóò dúró sí. Èkejì, kò gbọdọ̀ tẹrí ba fún ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí mo bá rí àṣìṣe kan péré láti ilé títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Wisconsin ti tán nìyẹn. Ó gbà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan ṣoṣo ni òun náà bẹ̀ mí pé kí n ṣe: kí n wọ bàtà kánfáàsì.

Mi ò wọ̀ ọ́. Ibi ìjọsìn àwọn ẹlòmíràn ni à ń lọ, ì báà jẹ́ ìta ni mo fẹ́ dúró sí. Kò ní jẹ́ pé wọ́n á wo bàbá Ṣùkúrà, wọ́n á rò pé ó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò gínì funfun tí mo fi kírun Ìtúnu Ààwẹ̀, mo dé fìlà, mo sì wọ bàtà awọ dúdú tí mo rà fún ọdún náà, tí n kò tíì wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú báàgì mi ni agboòrùn méjì wà, tọ́ọ̀ṣì, omi ìgò mẹ́fà, búrẹ́dì, fèrè ìpè, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wa, àti báńdéèjì kékeré méjìlá fún ẹsẹ̀ Ṣùkúrà. Ó wo báàgì náà, ó wo bàtà náà, ó ṣílẹ̀kùn.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méje ni a gbéra láti West Ridge. A pàdé Miss Kara àti ọmọ mẹ́fà yòókù ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí odò, a sì kọrí sí gúúsù. Ilẹ̀ Chicago tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tí ènìyàn lè gùn. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni àwọn ènìyàn.

Wọ́n ń kí mi. Gbogbo wọn. Ẹni tó ń sáré ń kí mi, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń kí mi. Ní òpópónà Devon, níbi tí gbogbo ayé ti ń wọ aṣọ orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo gínì mi. Létí odò yìí, nígbà tí a fi máa rin máìlì méjì, ènìyàn mọ́kànlá ló ti yin aṣọ mi. Bí àlejò mọ́kànlá bá yin aṣọ rẹ láàárọ̀ ní ibi tí a ti wá, àpò rẹ ni wàá kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Mo fọwọ́ bà á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Obìnrin kan tó ń fa ajá méjì dúró. "Irú ayẹyẹ wo lẹ̀ ń ṣe lónìí?" ó bi mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Háíkì ni," mo dá a lóhùn.

"Nínú aṣọ yìí? Ọlọ́run ó fún yín lágbára o, bàbá." Ó bu omi fún àwọn ajá rẹ̀, ó sì fẹ́ fún èmi náà. Mo dúpẹ́, mo ní mo ní ìgò mẹ́fà. Ajá kan fẹ́ wá kí mi. Mo bọ́ sẹ́yìn Ṣùkúrà. Ibẹ̀ ni ọmọ tí mo wá dáàbò bò ti na ọwọ́ sí iwájú mi, tó ń bá ajá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi lọ.

Kí a tó yà sí ìlà oòrùn, ẹsẹ̀ mi ti bó. Mi ò ní purọ́, mo ti mọ̀ láti máìlì kìíní.

"Dad, ẹ̀ ń tiro."

"Mi ò tiro."

"Báńdéèjì wà nínú báàgì yín. Méjìlá."

"Tìrẹ ni."

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn dín ìrìn rẹ̀ kù títí ó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ìgbà tó yá ni mo rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà nìyẹn: òun ni ẹni ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ní gbogbo oríta ló ń ka orí wọn ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Méje. Méje. Méje. Lẹ́yìn náà á wò mí, á ní mẹ́jọ. Ní títì ńlá kan, mo fẹ́ sọdá nígbà tí iná kò tíì yí, ó sì fi apá dábùú àyà mi, bí mo ṣe máa ń fi dábùú àyà tirẹ̀. Mo ń wá àṣìṣe kan péré láti àárọ̀. Tèmi ni mo rí.

Ilé bíríkì kékeré kan ni tẹ́ńpìlì náà, ní òpópónà kan nítòsí ojú irin tó gba òkè ní Uptown. Òórùn tùràrí àti ti áyù tí wọ́n ń dín ló ń jáde láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà wọn bí a ṣe ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n wọlé. Èmi dúró síta, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mo fara ti ògiri. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bàbá arúgbó kan yọjú. Ó kéré, ó wọ súwẹ́tà eléérú, ìdí sítóòfù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò. Uncle Tam ni gbogbo wọn ń pè é. Láti Vietnam ló ti wá, òun ló ń tọ́jú ilé ìdáná ibẹ̀. Ṣùkúrà ti sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í gùn ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Kò wo fìlà mi, kò yin gínì mi. Bàtà mi ló wò.

"Ìwọ, jẹun?"

Ọdún méje. Ní ọdún méje, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ilé wa kò tíì bi mí léèrè nílùú yìí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n máa ń béèrè bí mo ṣe wà, wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

"Rárá sà. Mi ò tíì jẹun, sà."

"Wá. Jókòó."

Báyìí ni àdéhùn mi kìíní ṣe bàjẹ́. Mo bọ́ bàtà, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ìbọ̀sẹ̀. Bàbá náà fi mí jókòó sórí àga kan nínú gbọ̀ngán, ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Mo rò pé yóò gbé e sílẹ̀ fún mi. Ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan kan ilẹ̀, ó fi èkejì kàn án, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó sì di ẹsẹ̀ òsì mi mú.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé èyí fún ará Chicago, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á gbọ́ ọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ju bàbá mi lọ. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá mi bá rí i, ilẹ̀ ni yóò bẹ̀ kó lanu.

N kò ronú. Mo fò dìde, abọ́ omi dojú dé, mo sì na gbọrọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, fìlà mi yí lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ dìde sà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, sà!" Yorùbá ni mo fi ń pariwo rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan lu agogo kan, pẹ̀lẹ́. Mo gbé orí sókè díẹ̀. Ní ẹ̀yìn bàbá náà gan-an, ère Búdà jókòó, ó ga tó ọkùnrin méjì, wọ́n fi wúrà kùn ún, ọsàn àti àbẹ́là wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rín músẹ́ wò mí.

Mo fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n bàbá náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, n kò sì lè dìde kí àgbà tó dìde. Òun náà kò dìde. Ó ti pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó rò pé mo ń gbàdúrà ni, kò sì fẹ́ dá àdúrà àlejò dúró. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi iyọ̀ ń wọ inú gínì mi.

Ṣùkúrà ló yọ wá. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kúkurú àti ọwọ́ ṣàlàyé: níbi tí a ti wá, ọ̀dọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ẹ̀yin ni Dad mi ń bẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Bàbá náà wò mí. Ó wo ère náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ṣùkúrà fà á dìde, ó fa èmi náà dìde, ó bu omi mìíràn wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ mi. Lórí ìyẹn, èmi àti Uncle Tam fẹnu kò: ọmọ ló yẹ kó ṣe é. Ó lo báńdéèjì mẹ́sàn-án nínú méjìlá náà.

Miss Kara ń nu ojú nídìí ilẹ̀kùn. "Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ yìí," ó ní. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn.

Noodles náà dùn. N kò rí ẹran nínú rẹ̀, nítorí náà n kò ní ìbéèrè. Mo sọ fún Uncle Tam nípa Wisconsin. Ó ń gbọ́, ó ń fi igi méjì gbé oúnjẹ.

"Ọmọ mi obìnrin lọ kọ́lẹ́jì," ó ní. "Mo tẹ̀lé bọ́ọ̀sì rẹ̀. Nínú mọ́tò. Wákàtí méjì."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀, sà?"

"Epo tán."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá lókè, ife wa gbọ̀n lórí tábìlì. Ó bu noodles sí i fún mi.

Bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ délé. Miss Kara ti fi fọ́tò mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i ní Ìwó pé a lọ, a bọ̀, kò sí ohun tó ṣe ọmọ. Mo fi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mo máa ń yẹ páálí kọ̀ọ̀kan wò, n kò ṣí ju mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ.

Fọ́tò keje ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, àbúrò mi Ràṣídì pè. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí là ń wò yìí? Ẹ̀yin kọ́ lẹ dojú bolẹ̀ síwájú òrìṣà yẹn? Aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ yín mà ni!"

Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá mi ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni wọ́n kùn ní wúrà yẹn?"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀..."

"Ọmọ ni mo ní kí o tọ́jú. N kò mọ̀ pé ìwọ gan-an ló yẹ kí n fi lé ẹnì kan lọ́wọ́."

Ṣùkúrà na ọwọ́, ó gba fóònù. Yorùbá rẹ̀ ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. "Grandma, ẹ má bínú. Wọn ò bọ òrìṣà o. Bàbá àgbà kan ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá náà kúnlẹ̀, ó fẹ́ fọ ẹsẹ̀ wọn. Eighty-four ni. Ọgọ́rin àti mẹ́rin."

Ìyá mi ní, "Ẹni ọgọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ?"

"Yes ma."

"Ṣé ó dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa? Àyà rẹ̀ kanlẹ̀?"

"Ó kanlẹ̀, Grandma. Aṣọ wọn rin gbingbin."

"Ó dára," ó ní. "Ṣùkúrà, ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀ ma."

"Má jẹ́ kí bàbá rẹ máa dá rìn mọ́."

Mo lọ mú fọ́ọ̀mù náà. Mo fọwọ́ sí i ní ojú ewé méjèèjì tó yẹ. Ṣùkúrà kò pariwo, kò fò sókè. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dad," ó sì gba fóònù mi. Ó ní bí òun bá máa lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, òun náà fẹ́ mọ ibi tí mo wà. Ó tan róbótó búlúù tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ọjọ́ Ọjọ́rú, mo wo tirẹ̀ títí ó fi dé ilé epo kan létí igbó Wisconsin. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó. Miss Kara ti sọ ọ́ nínú ìdáhùn kẹjọ. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ó ṣì wà ní ilé epo. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó ṣì wà ní ilé epo. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń wo ilé epo náà.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ilé dákẹ́. Mo wá bàtà kánfáàsì kan, mo wọ̀ ọ́, mo jáde. Obìnrin alájá méjì kí mi létí odò. Mo kí i padà. N kò fọwọ́ ba àpò.

Mo wà ní ilé ìdáná Uncle Tam, mò ń bá a já ewé ẹ̀fọ́, nígbà tí fóònù mi dún. Róbótó Ṣùkúrà ti kúrò ní ilé epo. Ó ń bọ̀ wá sílé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, èyí àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo rò pé yóò kí mi. Mo rò pé yóò sọ bí igbó náà ti rí.

Ohun tó kọ ni: "Dad, kí lẹ̀ ń ṣe ní tẹ́ńpìlì? Ta ló bá yín rìn?"